Òpópónà Lára Ògiri Màámi

Ẹni tó bá rí àwọn fọ́tò tí mo kọ́kọ́ yà yóò rò pé ogun ló jà ládùúgbò wa. Kò sí ẹnì kan tó lórí nínú wọn. Fukanàísà tó wà ní òdìkejì títì wà níbẹ̀ láti ọrùn dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀, taya lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó oníbúrẹ́dì náà wà níbẹ̀. Ojú ìrán tó wà ní ọrùn aṣọ rẹ̀ hàn kedere, ṣùgbọ́n ọrùn náà kò gbé nǹkan kan.

Bàbá Má-Mira tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

“Ìyá Téèpù,” ó wí, “ṣé orí ń fọ́ gbogbo wọn ni? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́ o.”

Má-Mira ni gbogbo ayé ń pe bàbá ayàwòrán yìí, torí pé ohun tó ń sọ fún àwọn tó wá ya fọ́tò láti ìgbà èwe mi nìyẹn. Èmi náà, wọ́n sọ mí ní Ìyá Téèpù nítorí téèpù tí kì í kúrò lọ́rùn mi. Aránṣọ ni mí. Ọrùn ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí wọn ènìyàn, mo sì máa ń parí rẹ̀ sí kókósẹ̀. Orí kò kàn mí, àwọn tó ń rán fìlà ló ni ín. Nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin wá fún mi ní kámẹ́rà tó ti lò gbó, ojú aránṣọ náà ni mo gbé lọ síbẹ̀.

Ẹ má rò pé eré ló gbé mi dé ìdí fọ́tò yíyà. Màámi ṣubú ní balùwẹ̀, egungun ìbàdí wọn sì kán. Kó tó dìgbà yẹn, ojú fèrèsé ni ibùjókòó wọn. Wọ́n mọ gbogbo ẹni tó ń kọjá lọ́nà jíjìn, kí wọ́n tó rí ojú rẹ̀, nípa ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n látìgbà tí wọ́n ti ti ilé ìwòsàn dé, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé, wọ́n kọjú sí ògiri. “Ìta ti gbàgbé mi,” ni wọ́n wí. “Èmi náà ti gbàgbé rẹ̀.”

Dókítà ní egungun ti jinná. Ó ní dídìde ló kù, pé bí wọ́n bá ń dùbúlẹ̀ báyìí lọ, ọjọ́ ń bọ̀ tí wọn ò ní lè dìde mọ́. A bẹ̀ wọ́n títí, a gbé àga sójú fèrèsé. Wọn ò wẹ̀yìn. Ni mo bá rò ó pé tí Màámi kò bá fẹ́ wo ìta, èmi á máa ya ìta wá bá wọn. Mo gbé àwọn fọ́tò ọ̀hún lọ. Wọ́n wò wọ́n fìrí.

“Ẹ̀wù lo yà,” ni wọ́n wí, wọ́n sì padà sọ́dọ̀ ògiri wọn. Ó dùn mí wọra.

Mo ro gbogbo ẹjọ́ yìí fún Bàbá Má-Mira. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

“Ojú lọ̀rọ̀ wà,” ó wí. “Àmọ́ o ò tíì mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ. Kí ni kámẹ́rà?”

“Ẹ̀rọ ni, Bàbá.”

“Yàrá ni. Yàrá tó ṣókùnkùn, tó ní ihò kan ṣoṣo. Lọ wọnú ẹ̀ kó o tó tún ya nǹkan kan. Wá yàrá tó kọjú sí títì, tí ògiri ẹ̀ funfun. Dí gbogbo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, kó o wá dá ihò kan tí ò ju bọ́tìnnì lọ. Jókòó síbẹ̀. Má mira.”

Yàrá kan ṣoṣo ló rí bẹ́ẹ̀ nílé wa, ti Màámi ni. N kò lọ síbẹ̀ láti wo ẹnikẹ́ni sàn o. Iṣẹ́ tí ọ̀gá fún mi ni mo fẹ́ ṣe. Lẹ́yìn ọ̀sán, tí oòrùn ń ta sí ilé òdìkejì, mo fi páálí àti aṣọ dúdú onílọ̀ọ́po méjì dí fèrèsé náà pa.

“Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?” Màámi kò tilẹ̀ yíjú.

“Iṣẹ́ Bàbá Má-Mira ni, Mà.”

“Ẹ ò bá kúkú dúró kí n kú ná, kẹ́ ẹ tó kàn mí mọ́nú pósí.”

Mo fi ẹnu sísọ́ọ̀sì gé ihò bọ́tìnnì, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òkùnkùn náà ṣú biribiri. N kò rí nǹkan kan. Mo ti ń ṣépè fún Bàbá Má-Mira nínú mi nígbà tí ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ra, tí ògiri sì bẹ̀rẹ̀ sí í ní àwọ̀.

Ojú ọ̀run ló kọ́kọ́ hàn, ó ń tàn ní búlúù lọ́wọ́ ìsàlẹ̀. Ilé òdìkejì tẹ̀ lé e, ó so rọ̀ láti òkè, òrùlé rẹ̀ kọ sísàlẹ̀. Títì fúnra rẹ̀ lọ gbọọrọ lẹ́bàá àjà, àwọn ènìyàn sì ń rìn lórí rẹ̀ pẹ̀lú orí tó kọ sísàlẹ̀. Agboòrùn pupa kan kọjá bí abọ́. Aago kẹ̀kẹ́ dún lóde, kẹ̀kẹ́ náà sì sáré kọjá lára ògiri.

Ara mi bù máṣọ. Kò sí iná, kò sí wáyà, ihò bọ́tìnnì lásán ni! Ìmọ́lẹ̀ ti ń gbé gbogbo títì wá sí ojú fèrèsé yìí látọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ilé náà, àwa ni a kò dákẹ́ fún un kó sọ tẹnu rẹ̀. Omi bọ́ lójú mi. Ayé tóbi, mo sì ti ń wọn ọrùn àti ìbàdí láti ọjọ́ yìí wá.

Mo ti gbàgbé Màámi pátápátá. Àfi bí mo ṣe rí ọwọ́ wọn tó dìde, tó fara kan ògiri. Títì gba orí ọwọ́ náà kọjá. Wọ́n fà á padà wéré, wọ́n yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

“Ta ló gbé ìta wá síbí?”

“Ìmọ́lẹ̀ ni, Màámi. Ihò yẹn ló gbà wọlé.”

Ọkùnrin kan tí kò ju ìka mi lọ ń rìn lọ lókè.

“Fukanàísà nìyẹn,” ni Màámi wí. “Ó tún ń wọ́ ẹsẹ̀. Mo ti sọ fún un kó lọ wo orúnkún yẹn.” Lẹ́yìn náà, ohùn wọn le sí i. “Ìyàwó oníbúrẹ́dì rè é. Wo ìrìn ẹ̀! Oyún ti wà níbẹ̀ yẹn! Kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi nínú ilé yìí?”

Wọ́n ń yí ọrùn síhìn-ín sọ́hùn-ún kí wọ́n lè rí wọn lóòró.

“Ọrùn mi fẹ́ kán. Ta ló dorí ayé kodò báyìí?”

“Bó ṣe máa ń rí nínú kámẹ́rà nìyẹn, Mà. Inú kámẹ́rà la wà yìí.”

“Kí ni mo wá ṣe níbẹ̀? Gbé mi jáde! Gbé mi dìde, kí n lọ wò ó bó ṣe yẹ.”

Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá wọn. Ẹsẹ̀ tó dá ṣáṣá kan ilẹ̀, èkejì tẹ̀ lé e. Wọ́n kérora, wọ́n bú mi, wọ́n bú dókítà, wọ́n sì ń gbé e lọ́kọ̀ọ̀kan títí a fi dé ìdí àga. Mo fa aṣọ dúdú àti páálí náà ya. Ìmọ́lẹ̀ ya wọlé, ògiri padà di funfun, títì sì wà ní ìta lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Fukanàísà gbójú sókè, taya bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè.

“Orúnkún rẹ ńkọ́?” ni Màámi kígbe.

Mo sáré mú kámẹ́rà. Lọ́tẹ̀ yìí, orí ni mo ti bẹ̀rẹ̀.

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mira.”

“Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún,” ni wọ́n wí, wọ́n yíjú sí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín. “Mo ti dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ tó.”

Nígbà tí mo gbé fọ́tò náà dé ọ̀dọ̀ Bàbá Má-Mira, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó wò ó pẹ́. Orí pé, ojú pé, ẹ̀rín wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ṣe bàìbàì.

“Wọ́n mira,” ó wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá,” mo dá a lóhùn. “Wọ́n mira.”