Ibà Bàbá Tolúwani

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n jókòó, ara mi ò gbà á! Ìdùnnú tó bá mi lọ́jọ́ Sátidé, mi ò rí irú ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti bí Tolúwani.

Ọkọ mi, Ọlálérè, táìlì ló ń lẹ̀. Ilé ńláńlá tí ilẹ̀ wọn ń dán láti Awoyaya títí dé Ikate, ọwọ́ ẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọtí! Bí ọ̀gá ẹ̀ bá pè tí kò lè dìde, èmi ni mo máa gbé fóònù: "Ibà ni o, sà." Bí ìyá mi bá pè láti Ìkirè: "Ibà ni, Màámi." Odindi ọdún kan ni mo fi ń purọ́ mọ́ ẹ̀fọn Awoyaya.

Àfi ọjọ́ tí àǹtí kíláàsì bi Tolúwani pé kí ló dé tí bàbá ẹ̀ ò wá mú un. Ọmọ ọdún mẹ́fà wo ojú olùkọ́ ẹ̀ kòrókòró, ó ní, "Ibà ti gbé wọn dè, mà." Ohùn mi gan-an ló fi sọ ọ́. Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ ọ! Mo délé, mo bú sẹ́kún. Mo ní, "Bàbá Tolúwani, wò ó, a ti kọ́ ọmọ wa ní irọ́."

Aṣọ ni mò ń rán. Oníbàárà mi kan, Àǹtí Ṣèyílọ́lá, ti sọ fún mi pé ìpàdé kan wà ní Igbó Ẹfọ̀n lọ́sàn-án Sátidé, níbi tí àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí ti ń ran ara wọn lọ́wọ́. Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ní, "Màá lọ lẹ́ẹ̀kan péré. Bá ò bá ríbẹ̀, o ò gbọdọ̀ dá ọ̀rọ̀ ẹ̀ sílẹ̀ mọ́ láé." Mo ní mo gbà. Ta ló máa kọ̀?

Nígbà tó di Sátidé, a sọ̀kalẹ̀ ní Igbó Ẹfọ̀n, fóònù Àǹtí Ṣèyílọ́lá tó yẹ kó júwe ibẹ̀ fún wa ò lọ. Mo dá oníkẹ̀kẹ́ kan dúró. Èmi tí ẹnu mi mú bí abẹ, ìtìjú mú mi! Mo rọra sọ pé, "Ibi tí àwọn... àwọn tó ń mutí ti ń ṣèpàdé."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ṣé ìyẹn náà ni? Gbogbo Sátidé ni mò ń gbé wọn lọ, mà!"

Yéè! Iwájú ilé ọtí ló já wa sí. Ẹgbẹ́ ọ̀mùtí ń ṣèpàdé, wọ́n dé fìlà kan náà, igò kún tábìlì. Ẹnì kan kígbe, "Káàbọ̀, mẹ́ńbà tuntun!" Kí n tó lanu, wọ́n ti gbé igò tútù síwájú ọkọ mi. Ó ń wo igò náà, èmi ń wo ọwọ́ ẹ̀. Bó bá gbé e pẹ́nrẹ́n, ó parí nìyẹn, mi ò sì gbọdọ̀ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́.

Ó na ọwọ́. Ó sì ti igò náà padà. "Ẹ ṣé o. Ìpàdé àwọn tí ò fẹ́ mu mọ́ ni mò ń wá."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín gèè. "Ẹ wá wo ẹni tó ń wá omi nínú iná!" Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín ni bàbá kan ti dìde ní ìkangun, Ìsmáílà lorúkọ ẹ̀. Ó gbé ife ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀. "Mo mọ ibẹ̀. Mo ń lọ tẹ́lẹ̀, mo wá sá. Ẹ jẹ́ ká tètè lọ kí n tó yí ọkàn padà."

La bá sáré! Àdúgbò kejì ni, yàrá kan lórí òkè ilé ẹ̀kọ́ kan. Ìyá àgbà tó ń darí ìpàdé rí wa lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ wọlé o. Ìsmáílà! Àga yín ṣì wà níbẹ̀." Bàbá yẹn fi ọwọ́ bojú, ó ń sunkún.

Wọ́n ní kí Ọlálérè sọ̀rọ̀ bó bá wù ú. Ó dìde. Èmi náà dìde kíá láti gbà á sílẹ̀ bí ìṣe mi: "Ẹ má bínú o, ara ẹ̀ ò..." Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká.

"Adétutù, dúró ná." Ó kọjú sí wọn. "Ọlálérè lorúkọ mi. Kì í ṣe ibà ló ń ṣe mí. Ọtí ni."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa lé e bá. Ó lé tèmi bá ní Igbó Ẹfọ̀n! Mo fò sókè, mo pariwo, "Ó sọ ọ́! Ẹ gbọ́, ó sọ ọ́!" Ibi tí wọn kì í ti í pariwo ni o. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Nígbà tá a délé, Tolúwani sáré pàdé wa. "Dádì, ṣé ibà yín ti lọ?"

Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ẹ̀. "Bí wọ́n bá tún bi ẹ́, má pe ibà mọ́. Sọ pé Dádì lọ sí ìpàdé."

Ọmọ náà ní, "Ìpàdé kí ni?"

Ẹnu mi ti là, irọ́ tuntun ti wà lórí ahọ́n mi. Mo pa ẹnu dé. Mo jẹ́ kí bàbá ẹ̀ sọ ọ́ fún un.