Ogójì Èèyàn Inú Pàǹtí

Ẹni tó fẹ́ràn ìṣirò débi pé wọ́n sọ ọ́ ní Aríṣirò-má-sá, ṣé ó yẹ kó máa sunkún nítorí ìṣirò? Ẹkún náà ni obìnrin yìí ń sun nínú ilé ìwádìí wọn lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé kan, ó kọjú sí ògiri kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Ọdún mẹ́ta gbáko ló ti fi ń wádìí ìdí tí ìṣirò fi ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù àti ohun tí ẹ̀rù náà ń ṣe nínú ọpọlọ wọn. Ó ti yẹ ọgọ́fà èèyàn wò, kò sì rí nǹkan kan. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìgbìmọ̀ máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí kò bá ní àbọ̀ gidi tó máa jẹ́ fún wọn, wọ́n máa fòpin sí ìwádìí náà, oyè dókítà tó ń lé á sì lọ bẹ́ẹ̀; bó bá ní i, ibẹ̀ náà ni wọ́n á ti fún un ní oyè náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, kò le. Wọ́n á mú èèyàn wọ yàrá kékeré kan tí kò ní fèrèsé, wọ́n á dé fìlà kan fún un tí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ so mọ́ yí ká. Lójú ẹ̀rọ tó wà níwájú rẹ̀, àmì pupa á yọ, ìyẹn ni pé ìṣirò ń bọ̀. Bó bá jẹ́ àmì búlúù, ọ̀rọ̀ lásán ló ń bọ̀ tí yóò kà; fún àwọn mìíràn, wọ́n á pààrọ̀ àwọ̀ méjèèjì. Àwọn wáyà yẹn á máa gbé iṣẹ́ tí ọpọlọ ń ṣe lọ sínú kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ ló ti ń di ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Àmọ́ bí èèyàn bá ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, ìlà náà á ta sókè, kò ní ṣeé kà mọ́. Ìdí nìyẹn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n, ọ̀gá wọn, tó jẹ́ onímọ̀ nípa ìhùwà ẹ̀dá, fi ṣe òfin kan láti ogún ọdún sẹ́yìn pé ẹni tó bá ti ń ṣẹ́jú jù, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Fífọ iṣẹ́ ni wọ́n ń pè é. Àkọsílẹ̀ àwọn tí wọ́n bá yọ, inú fáìlì kan tó ń jẹ́ Pàǹtí ni wọ́n ń kó o sí, wọn kì í sì í padà dé ibẹ̀. Ta ló máa ń tú pàǹtí wò?

Ohun kan tún wà. Kí ẹnikẹ́ni tó dé fìlà, yóò ti dáhùn ìbéèrè kan lórí ìwé: ṣé ìṣirò máa ń bà ọ́ lẹ́rù? Wọ́n á ti ìwé náà mọ́nú àpótí, wọn ò ní wò ó títí wọ́n á fi fọ iṣẹ́ tán, kí ẹni tó ń fọ̀ ọ́ má baà ṣojúsàájú. Ìlànà tó dáa ni, mi ò bú u. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ṣí àpótí, ìwé àwọn ọgọ́rin tó ṣẹ́kù nìkan ni wọ́n wò, méjì péré ló sì sọ pé ẹ̀rù ìṣirò ń ba òun. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ṣebí òun ti wí, pé ẹ̀rù ìṣirò ò pọ̀ tó bí ayé ṣe ń pariwo rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló wọlé bá a lẹ́nu ẹkún náà. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ni ẹ̀gbọ́n yìí, òun ló máa ń tú ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì palẹ̀ láràárọ̀ ọjọ́ Sátidé kó lè yé tolórí tẹlẹ́mù. Ó wá kọ́ ọ bí yóò ṣe sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀. Kò bẹ̀ ẹ́ pé kó má sunkún o. Ó fa àga, ó ní kó nu imú, kó sọ ìwádìí náà fún òun bí ẹni pé òun ń gbọ́ ọ nínú ilé ìdáná. Bí àbúrò bá ti sọ ọ̀rọ̀ gàgàrà kan báyìí, ẹ̀gbọ́n á ní olùgbọ́ òun ti pa rédíò. Wọ́n ń bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi dé ibi fífọ iṣẹ́, ni ẹ̀gbọ́n bá rántí pé òun náà dé fìlà yẹn lọ́dún tó kọjá. Ó bèèrè ohun tí ọpọlọ òun sọ.

"Wọ́n yọ yín kúrò," ni àbúrò dá a lóhùn. "Ẹ ṣẹ́jú jù."

Ẹ̀gbọ́n pòṣé. "Kí n má ṣẹ́jú kẹ̀? Bí àmì pupa yẹn bá ti yọ, ojú mi á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ìṣirò ló mà ń bọ̀. Lọ wò ó bóyá mo ṣẹ́jú sí búlúù."

Aríṣirò-má-sá fò dìde. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ti wí bẹ́ẹ̀ tipẹ́, àwọn wá ń kó ojú dànù kí wọ́n tó máa wá ọ̀rọ̀. Ó sáré ṣí Pàǹtí. Ogójì èèyàn ló wà níbẹ̀. Ó wá ìwé wọn jáde nínú àpótí, nọ́ńbà ló wà lára wọn, kò sí orúkọ, ó ń tò wọ́n sórí tábìlì, ẹ̀gbọ́n ń ka ìdáhùn sókè. Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Rárá. Bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n máa kà á tán, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nínú ogójì ló sọ pé ẹ̀rù ìṣirò ń ba àwọn. Odindi ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló fi ka iye ìgbà tí ojú kálukú ṣẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ń bọ̀, ojú wọn á dúró jẹ́ẹ́. Bí ìṣirò bá ń bọ̀, ojú á ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kí ìṣirò náà tó hàn rárá. Ẹ̀rù ti bà wọ́n kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n máa bi wọ́n. Àwọn tí wọ́n ń wá kiri ni wọ́n ń fọwọ́ ara wọn gbá dànù! Ó jó yí tábìlì po, kò bìkítà ẹni tó ń wo òun láti ẹnu ọ̀nà.

Ayọ̀ yẹn ò pẹ́. Ní Ọjọ́rú, ó gbé iṣẹ́ náà tọ Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ. Ẹ má gbàgbé pé òfin Ọ̀jọ̀gbọ́n ni, òun ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, àwọn ilé ìwádìí mìíràn sì ń lò ó. Ọkùnrin náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Òun ló gbà á mọ́ra nígbà tí àwọn tó kù ń bèèrè ohun tí oníṣirò ń wá lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ọpọlọ. Ṣùgbọ́n kò wo ìwé tó gbé wá. Ó ní pàǹtí ni pàǹtí ń jẹ́. Ó ní kó lọ sọ fún ìgbìmọ̀ pé òun ò rí nǹkan kan, bóyá wọ́n á ṣàánú rẹ̀, wọ́n á fún un ní ọdún kan sí i. Bó bá sì gbé Pàǹtí dé iwájú wọn, kó má retí pé òun máa gbè é lẹ́yìn.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ti Ọ̀jọ̀gbọ́n kì í tilẹ̀ ṣe irọ́, àṣìṣe olóòótọ́ ni, ìyẹn gan-an ló sì nira láti jẹ́wọ́. Aríṣirò-má-sá ò bẹ̀rù ìṣirò, ọ̀gá rẹ̀ ló ń bẹ̀rù, ó sì tún fẹ́ràn rẹ̀, èyí tó burú ju ìbẹ̀rù lọ. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní bóyá kí òun kúkú tọrọ ọdún kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n wí yẹn. Ẹ̀gbọ́n ní bó bá dákẹ́, ta ló fẹ́ bá àwọn ogójì yẹn sọ̀rọ̀? Lẹ́yìn náà ó ní kó lọ sùn.

Ní Ọjọ́bọ̀, èèyàn mẹ́rin jókòó sẹ́yìn tábìlì gígùn nínú yàrá kan tí ẹ̀rọ amúlétutù ti mú tutù jù. Ọ̀jọ̀gbọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó káwọ́ mọ́ àyà, kò wo ẹnì kankan. Bí ọmọbìnrin náà ṣe la ẹnu báyìí, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú ilé ìdáná ló ṣe ń sọ ọ́. Ó ní òun wá ròyìn àwọn èèyàn tí àwọn lé lọ. Kò lo ọ̀rọ̀ gàgàrà kan. Nígbà tó dárúkọ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nínú ogójì, ẹnì kan nínú wọn gbé bírò sílẹ̀.

Dókítà ọpọlọ kan wà nínú ìgbìmọ̀ náà, obìnrin tí kò tíì rẹ́rìn-ín láti àárọ̀. Ó ní àwọ̀ pupa máa ń já ojú láyà. Kí ló fi dá a lójú pé kì í ṣe pupa ni ojú wọn ń ṣẹ́ sí, pé ìṣirò ni? Bí kò bá rí èyí dáhùn, ó parí nìyẹn.

"Ìdajì nínú gbogbo wọn la pààrọ̀ àwọ̀ fún, mà," ló dáhùn. "Búlúù ló ń kéde ìṣirò fún àwọn wọ̀nyẹn. Búlúù náà ni wọ́n sì ń ṣẹ́jú sí."

Dókítà ọpọlọ gba ìwé tó kọ ọ́ sí lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ìka kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì dúró dè é títí ó fi kà á tán. Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Alága bá yíjú sí Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó ní òfin rẹ̀ mà ni wọ́n ń fọ́ yìí, kí ló rí sí i?

Ọkùnrin náà dìde díẹ̀díẹ̀. Ó rìn lọ sídìí ògiri tí ọmọbìnrin náà fi ẹ̀rọ tan àwòrán ìlà ọpọlọ àwọn ogójì náà sí, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó sún mọ́ ọn.

"Ogún ọdún," ló wí, ohùn rẹ̀ ò dún sókè. "Ogún ọdún ni mo fi ń ti àwọn tí mò ń wá síta. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ orúkọ mi sí i."

Wọ́n ní kí ọmọbìnrin náà bọ́ síta fún wọn. Kò tíì rí ibi tó máa fẹ̀yìn tì tí wọ́n fi pè é padà, alága sì kí i ní Dókítà. Ó sunkún, kò kọjú sí ògiri lọ́tẹ̀ yìí, ojú gbogbo wọn ló ti sun ún. Nígbà tó jáde, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń dúró dè é. Ó kàn gbé e sókè nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ọmọ kékeré, àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú.

Nígbà tí wọ́n padà dé ilé ìwádìí, Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ṣáájú wọn dé. Ó ti ṣí gbogbo ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti yọ sọnù láti ogún ọdún, àkọsílẹ̀ èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Bó ṣe rí i tó wọlé, ó dìde lórí àga ọ̀gá, àga tí ẹlòmíràn kì í jókòó sí, ó fà á sẹ́yìn fún un.

"Dókítà, ẹ jókòó," ni bàbá tó ti ń pè é ní ìwọ ọmọ yìí láti ọdún mẹ́ta wí. "Ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kà á."

Ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni àkọ́kọ́.