Ìpín Wàsíù Nínú Ilé-iṣẹ́ Epo

Wàsíù ń fi bọ́ọ̀sì kékeré ná ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Ṣakí. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ó ra ìpín díẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta epo bẹntiróòlù, ìyàwó rẹ̀ nìkan ló sì mọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí epo tún gbówó lórí, owó ọkọ̀ fò sókè, àwọn èrò sì ń bú àwọn elépo. Wàsíù ti rí i lórí fóònù pé ìpín òun náà ti gbówó lórí, ojú sì ń tì í. Kí wọ́n tó dé Okaka, ó jẹ́wọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà wà lára àwọn tí ẹ ń bú. Mo ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ epo kan.”

Wọ́n rò pé àwàdà ni, àmọ́ Ìyá Mùyìbátù, àgbà oníṣu ará Okaka tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín.

“Ṣé irú èmi náà lè rà á?”

“Ẹ lè rà á, màmá. Ṣùgbọ́n ó máa ń já wálẹ̀ o. Léṣìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ìdajì owó mi lọ. Ẹ má fi owó èbù iṣu yín rà á.”

“Owó aṣọ Iléyá ni màá fi gbìyànjú. Aṣọ èṣí kò tíì gbó.”

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Wàsíù mú un lọ bá alágbàtà ìpín n'Ísẹ́yìn, ó sì ra díẹ̀. Alágbàtà ní orí fóònù ni ẹ̀rí ìpín rẹ̀ wà. Ìyá kọ̀, ó ní kó tẹ̀ ẹ́ síwèé kí òun lè fi han àwọn ọmọ òun. Alágbàtà tẹ̀ ẹ́. Ìyá ká ìwé náà sínú ìborùn rẹ̀, ó sì wọkọ̀ padà sí Okaka.