Sólà Lórí Ilẹ̀ Ìsákòkò

Ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣètò ìlú àti abúlé, Rúlà ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí pé kò sí ìlà tó lè fi ọwọ́ lásán fà láyé. Bó bá fẹ́ fa igi sábẹ́ orúkọ ara rẹ̀ pàápàá, á kọ́kọ́ wá rúlà. Obìnrin ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni. Ó mọṣẹ́, ó sì mọ̀ pé òun mọṣẹ́. Èyí kejì yìí ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Iṣẹ́ tó wà lórí tábìlì rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà kì í ṣe kékeré. Abúlé mọ́kànlá ló wà lẹ́yìn òkè tí wáyà iná kò dé rí, kò sì jọ pé yóò dé láìpẹ́. Ìjọba wá pinnu pé iná oòrùn ni wọ́n máa ṣe fún wọn, sólà tí yóò tan iná sílé, tí yóò sì máa gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi láti odò wá sáàárín abúlé. Àmọ́ abúlé mẹ́jọ ni agbára wọn ká lọ́dún yìí. Abúlé tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀ pẹrẹsẹ kan tí igi kò bò, níbi tí wọ́n máa to àwọn pátákó sólà sí. Àwòrán tí wọ́n yà láti òkè ni ọ́fíìsì fi ń wá irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọn kò bá ti rí ilé tàbí oko nínú àwòrán méjì, "ilẹ̀ òfìfo" ni wọ́n máa kọ sí i.

Abúlé keje lórí lísìtì ni abúlé tí wọ́n bí Rúlà sí. Ó tẹjú mọ́ àwòrán náà dáadáa, ó sì rí i pé akọ̀wé tó jókòó tì í ti kọ "ilẹ̀ òfìfo" sórí ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé ìyá rẹ̀. Inú bí i. Ilẹ̀ tí akọ̀wé pè lófìfo yìí ni àwọn amọ̀kòkò abúlé náà ti ń sá ìkòkò láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni lè rántí. Mẹ́jọ ni wọ́n, ìyá rẹ̀ sì ni ọ̀kan nínú wọn. Ìkòkò ni wọ́n fi rán òun alára níléèwé.

Aago méjìlá ọ̀sán ni wọ́n máa ń ya àwòrán òkè, kí òjìji má baà pọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn amọ̀kòkò ti máa ń kó ìkòkò wọlé kí aago méjìlá tó lù. Ìdí tí kò fi sí ìkòkò kankan nínú àwòrán nìyẹn. Rúlà rántí ìkówọlé yẹn dáadáa, torí pé òun náà ti bá wọn kó o rí, kí àbúrò bàbá rẹ̀ tó mú un lọ sílùú ńlá nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Ìdí tí wọ́n fi ń kó o wọlé ni kò bi ara rẹ̀.

Ó pa "ilẹ̀ òfìfo" rẹ́, ó kọ "ilẹ̀ ìsákòkò" rọ́pò rẹ̀. Ó wá ilẹ̀ mìíràn títí, kò rí. Òkè ló wà lápá kan abúlé, àkúrọ̀ tí omi ń bò lọ́dọọdún ló wà lápá kejì. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Bí wọ́n bá to sólà sórí ilẹ̀ yẹn, níbo làwọn ìyá òun ti máa rí oòrùn sá ìkòkò? Bí iṣẹ́ bá sì bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn, kí ló fẹ́ fi iná wò nínú ilé? Ìfẹ́ ìyá ló ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, ẹ má tíì bá a wí. Ó gbé máàpù náà lọ bá ọ̀gá.

Ọ̀gá rẹ̀ jẹ́ bàbá kan tí kì í pariwo, tó máa ń nu gíláàsì ojú rẹ̀ kó tó dáhùn ìbéèrè. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n wá, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni ọkọ̀ ọ́fíìsì máa lọ síbẹ̀ láti jókòó pẹ̀lú àwọn ará abúlé, ṣé kò ní dáa kí àwọn gbọ́ tẹnu wọn ná? Rúlà ní kí wọ́n má wulẹ̀ fi epo ọkọ̀ ṣòfò.

"Ìyá mi ni, sà. Mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́."

Ọ̀gá tún nu gíláàsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n yọ abúlé náà kúrò, wọ́n fi èyí tó ṣe ìkẹsàn-án rọ́pò, lísìtì sì lọ sókè ní Ọjọ́bọ̀ tòun ti òǹtẹ̀. A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Kò sẹ́ni tí kò mọ òwe yẹn, ṣùgbọ́n bí ẹni tó mú abẹ lọ́wọ́ bá jẹ́ ọmọ olórí, ó máa ń rò pé kò bá òun wí.

Nígbà tó di Sátidé, ó wọkọ̀ lọ sílé. Ó ra búrẹ́dì, ó ra ìpara tí wọ́n fi ń pa orúnkún. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń dá rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀. Ó ti ń gbọ́ àdúrà tí ìyá òun máa gbà fún òun.

Yàrá iwájú ló bá ìyá rẹ̀, lórí àpótí, tó na ẹsẹ̀ ọ̀tún gbọọrọ síwájú, tó ń fi òkúta dídán kan ra ara ìkòkò ńlá. Aṣọ tútù bo àwọn ìkòkò mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wọ́n kíra, wọ́n béèrè àlàáfíà ara wọn, ìpara sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Kí Rúlà tó la ẹnu, ìyá ti bẹ̀rẹ̀ ìròyìn tirẹ̀. Ó fi ọwọ́ amọ̀ tọ́ka sí abẹ́ fèrèsé, ó ní ibẹ̀ ni ẹ̀rọ omi máa wà, òun ti kó àpáàdì kúrò níbẹ̀. Ìrìn ẹ̀ẹ̀mẹfà lòun ń rìn lọ sódò lóòjọ́ nítorí amọ̀ tóun ń pò, orúnkún òun sì ti ń kìlọ̀ pé ó ti tó gẹ́ẹ́.

"Àwọn ará ọ́fíìsì yín dà?" ni ó béèrè. "Wọ́n ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àwa mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wọ aṣọ gidi, a jókòó títí di ìrọ̀lẹ́, a ò rójú ẹnikẹ́ni."

Rúlà wá rò fún un. Ó sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ gba ilẹ̀ ìsákòkò, bí òun ṣe dìde, bí òun ṣe gbà á padà lọ́wọ́ wọn. Ó sọ ọ́ tayọ̀tayọ̀. Ibi tó dé pé wọ́n ti yọ abúlé náà kúrò fún ọdún yìí ni ọwọ́ ìyá rẹ̀ ti dúró lára ìkòkò.

"Ta ló sọ fún ẹ pé a kì í fẹ́ ibòji?"

Rúlà ní ṣebí oòrùn ni wọ́n fi ń sá ìkòkò.

"Ìkòkò tútù ò fẹ́ oòrùn ọ̀sán, ọmọ mi. Sísán ló máa sán. Ìdí tá a fi ń sáré kó o wọlé nìyẹn. Láàárọ̀ a ó gbé e síta, lọ́sàn-án a ó gbé e wọlé, ní ìrọ̀lẹ́ a ó tún gbé e jáde, tòun ti ẹsẹ̀ tó ń dunni yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti ṣèpàdé lórí ẹ̀. A ní tí wọ́n bá dé, a máa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé òpó sólà ga ju orí èèyàn lọ. Pátákó sólà á gba oòrùn lókè, àwa á to ìkòkò sábẹ́ ẹ̀, atẹ́gùn á máa fẹ́ sí i. Kò ní sí pé à ń gbé e wọlé gbé e jáde mọ́."

Kò pariwo. Rúlà ìbá fẹ́ kó pariwo. Ó bọ́ síta, ó pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù, ó sì bẹ̀ ẹ́ títí. Ọ̀gá ní ìwé ti kúrò lọ́wọ́ òun, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ó di ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó ṣe lísìtì mìíràn. Ó ní ká ní àwọn lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni, kò sì sọ ìyókù. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni, ó dé inú Rúlà, ó di odindi.

Nígbà tó padà wọlé, ìyá rẹ̀ ti fi aṣọ tútù bo ìkòkò ńlá náà.

"Ọdún mẹ́ta ni wọ́n wí," ni Rúlà sọ. Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Màámi, ẹ dárí jì mí. Tiyín ni mo rò."

"Mo mọ̀ pé tèmi lo rò. O rò ó títí, o ò bi mí." Ìyá wo orúnkún rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó sì dunni láti wò ó, nítorí pé ẹni tó ń ṣírò bóyá ẹsẹ̀ òun máa tó ọdún mẹ́ta ni ó jọ.

Rúlà bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun sọ ọ́ fún àwọn tó kù, pé àgbà ló mọ bí wọ́n ṣe ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ mi orí.

"Mi ò lè bá ẹ sọ ọ́. Ẹnu tó sọ fún ọ̀gá pé òun mọ ohun tá a fẹ́, òun náà ló máa lọ sọ fún wọn pé òun ò mọ̀ ọ́n."

Ilé tó kàn ni ti Ìyá Àgbà, ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn amọ̀kòkò, tí kò ní ọmọ tó ń gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àti odò ló ń bọ̀, ó ru garawa omi, ó ń rọra gbé ẹsẹ̀. Bó ṣe rí Rúlà, ojú rẹ̀ tàn. Ó ní ọmọ abúlé tó ń ṣiṣẹ́ lọ́fíìsì ti dé, ṣé sólà ti kù díẹ̀ kó dé?

Rúlà gba garawa náà, ó gbé e sílẹ̀.

"Ìyá Àgbà, sólà ò bọ̀ lọ́dún yìí. Èmi ni mo dá a dúró."

Ìyá Àgbà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Lẹ́yìn náà ó rí ojú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ wá ẹnu ọ̀nà, ó rọra jókòó síbẹ̀, ó sì ní kí òun náà jókòó kó ṣàlàyé fún òun láti ìbẹ̀rẹ̀. Rúlà jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Ilé mẹ́fà ló ṣì kù.