Ike Dúdú Tó Wà Lórí Ìṣó

“Ẹgbẹ̀rin ilé ni mo wọ̀n lánàá nìkan, kí oúnjẹ àárọ̀ tó délẹ̀! Imú mi yìí, ẹ̀rọ ni. Bí mo bá ti fà á ṣíì lẹ́nu ọ̀nà báyìí, nọ́ńbà ilé náà ti jáde!”

Ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Awọnlé ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tó sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá Ìyá Aránṣọ. Àpò kan wà léjìká rẹ̀, ó wú bí ikùn aláboyún ìbejì. Ìjọba ló gbà á síṣẹ́ pé kó máa wọn radọ́ọ̀nù nínú ilé àwọn ènìyàn: atẹ́gùn burúkú kan tí kò láwọ̀, tí kò lóòórùn, tó ń ti inú àpáta yọ́ wọ yàrá, tó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ike dúdú kékeré kan ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: wọn á gbé e kọ́ sínú yàrá, lẹ́yìn náà wọn á gbé e lọ sílé àyẹ̀wò.

Gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń gbé lókè gbé ayùn rẹ̀ sílẹ̀. “Ẹgbẹ̀rin kẹ̀? Kí ló dé tí o ò wọn òṣùpá mọ́ ọn?”

“Òṣùpá? Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti parí tibẹ̀!”

Ìyá Aránṣọ kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé òkú ọkọ rẹ̀ jáde nínú yàrá yìí, ọ̀rọ̀ ènìyàn ń dún létí rẹ̀ bíi ti ẹni tó wà lábẹ́ omi. Ọkọ rẹ̀ kò fa sìgá rí láyé, síbẹ̀ àrùn ẹ̀dọ̀fóró ló pa á. Dókítà ló ní kí wọ́n wọn yàrá náà. Bí nọ́ńbà bá pọ̀, ìjọba yóò lu ihò sí ìpìlẹ̀ ilé, wọn yóò fi páìpù fa atẹ́gùn náà síta. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ti ń húkọ́ láti oṣù tó kọjá.

“Ìyá wa, ẹ bá mi yọ̀!” Awọnlé na ìwé èsì àyẹ̀wò sí i. “Yàrá yín mọ́ tónítóní. Ọmọ ọba ò mí irú atẹ́gùn yìí rí. Èmi fúnra mi ni mo gbé ike yín lọ sílé àyẹ̀wò, orí ni mo gbé e lé bí adé!”

Obìnrin náà ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. *Kò nílò àtúnṣe.* Òǹtẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

“Ike wo lẹ gbé lọ, ọ̀gá?”

“Èyí tí mo fi kọ́ ara ògiri yín ni. Àbí ẹ ti gbàgbé?”

Kò gbàgbé. Awọnlé ló sọ ọ́ lọ́jọ́ náà pé ike ọ̀hún gbọ́dọ̀ lo oṣù mẹ́ta gbáko lórí ìṣó kí òun tó wá mú un. Ìṣó fìlà ọkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ní àràárọ̀, obìnrin náà ń fi ṣọ́ọ̀kì téló fa ìlà kan sísàlẹ̀ rẹ̀.

Ó dìde, ó ti àwọn aṣọ oníbàárà tó so rọ̀ sápá kan. Ike dúdú náà wà níbẹ̀. Àádọ́rùn-ún ìlà funfun wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ sún mọ́ ọn. “Màámi, nọ́ńbà ara ike yìí ló wà lórí ìwé.”

“Ẹ̀n… ìyẹn, àbúrò rẹ̀ nìyẹn,” ni Awọnlé sọ. “Ìbejì ni wọ́n.”

“Jẹ́ ká rí àwọn mọ̀lẹ́bí yòókù!” Gbẹ́nàgbẹ́nà ti sọ̀ kalẹ̀, ó fa àpò náà lójijì. Ìdè rẹ̀ já. Ike dúdú dà sílẹ̀ bí ẹ̀wà, gbogbo wọn ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n dì wọ́n sí láti ilé iṣẹ́. Kò sí ẹyọ kan tí wọ́n tíì tú. Nọ́ńbà ilé wà lára oníkálukú.

Ìyá Aránṣọ kúnlẹ̀, ó ń ṣà wọ́n.

“Ilé alágbàfọ̀ nìyí,” ó ní. “Ilé olùkọ́ nìyí. Ìyàwó rẹ̀ la sin lọ́sẹ̀ tó kọjá.”

Kò gbé ohùn sókè. Ó kàn ń tò wọ́n sílẹ̀ bíi bọ́tìnnì ni.

“Ẹ dúró, ẹ̀rọ ńlá kan wà nínú ọkọ̀ mi, mo ń bọ̀!” Awọnlé, tí kò ní kẹ̀kẹ́ áḿbọ̀sì ọkọ̀, gun àtẹ̀gùn ní mẹ́tamẹ́ta. Ẹni tó wọn ẹgbẹ̀rin ilé kò lè ka àtẹ̀gùn mẹ́jọ péré; ó fẹsẹ̀ kọ, ó ṣubú, ó dìde, ó ki eré mọ́lẹ̀. Bàtà rẹ̀ kan kù sílẹ̀.

“Ẹ mú un!” ni gbẹ́nàgbẹ́nà ń ké, ó ń lé e lọ.

Ìyá Aránṣọ kò gbójú sókè. Ó mú ike mìíràn. Lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ rẹ̀ húkọ́.