Búrẹ́dì Ulé

"Gbogbo ẹ̀ lo kó padà wá?"

Ajíbádé awakọ̀ ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ sílẹ̀ kí Kọ́láwọlé ọ̀gá rẹ̀ fi ojú ara rẹ̀ rí i. Búrẹ́dì tí wọ́n yan ní ìdájí, tó yẹ kó ti tán ní Emùré kí oòrùn tó mú, ló tò sílẹ̀ bẹẹrẹ.

"Wọ́n ń bi mí pé ṣé a ti kógbá wọlé ni, Bàbá. Mo ní rárá. Wọ́n ní kí ló wá dé tí ọkọ̀ wa ń yọ́ kọjá bí ọkọ̀ tó gbé òkú." Ó sọ ọ́ tán kó tó rántí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ó dorí kodò. "Ẹ má bínú, sà. Wọn ò gbọ́ ohùn Màmá mọ́ ni."

"Ohùn ni wọ́n ń jẹ ni?"

"Rárá, sà."

"Kó búrẹ́dì wọlé. Bí ti ọ̀la bá tún padà báyìí, mo máa pa iná ààrò. Kí kálukú yín wá iṣẹ́ míì."

Oṣù Ẹrẹ́nà ni wọ́n sin Àrínọlá, ìyàwó Kọ́láwọlé. Lọ́jọ́ kẹta ìsìnkú ni Kọ́láwọlé gun àkàbà, ó yọ káàdì kékeré tí ohùn obìnrin náà wà nínú rẹ̀ kúrò lára gbohùngbohùn orí ọkọ̀, ó wé e sínú bébà, ó sì fi í sínú àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀. Láti ìgbà náà, bó bá ti ń pààrọ̀ ẹ̀wù ló ń pààrọ̀ àpò fún un. Kò sí ẹni tó mọ̀.

Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí wọ́n gba ohùn náà sílẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìlú Ìkẹ́rẹ́. Kọ́láwọlé ló kọ ọ̀rọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ máa kà. Ó jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó di bébà kejì mú bí olùkọ́ tó ń pe àpèkọ fún ọmọ ilé ìwé. Ohun tó kọ ni, "Ẹ ra búrẹ́dì wa lọ sí ilé." Àrínọlá sún mọ́ ẹ̀rọ, ó ní, "Ẹ ra búrẹ́dì wa lọ sí ulé," bí wọ́n ṣe ń pe ilé ní Èkìtì.

"Ilé ni," Kọ́láwọlé sọ láti ẹ̀yìn.

"Ulé ni!" ni obìnrin náà fi dá a lóhùn, ẹ̀rín sì gbé e lọ. Ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ onísitúdíò náà ń rẹ́rìn-ín. Kọ́láwọlé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí àwọn tó kàwé bá gbọ́ ọ, wọ́n máa ní ará oko ni òun àti ìyàwó òun. Wọ́n tún un gbà lẹ́ẹ̀mẹta, títí Àrínọlá fi ń pe "ilé" bí àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. Èyí ni ọkọ̀ ń gbé kiri láti ìgbà náà. Nígbà tí wọ́n ń padà lọ, Àrínọlá bi í pé, "Bàbá Fìyìn, ṣé èmi ni mo sọ̀rọ̀ yẹn, àbí ìwé yín?"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí búrẹ́dì padà yìí, Fìyìnfólúwa ọmọ rẹ̀, tó ń ṣe tíṣà ní Emùré, wọlé wá. Kò tíì jókòó tó fi na fóònù sí bàbá rẹ̀.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó tán kí ẹ tó bínú."

Àwọn ọ̀dọ́ méjì ló wà nínú fóònù náà. Ọ̀kan so ìrọ̀rí mọ́ ikùn, ó di bébà mú, ó ń bojú jẹ́. Ẹnu tirẹ̀ ló ń mì, ṣùgbọ́n ohùn Kọ́láwọlé ló ń jáde: "Ilé ni." Èkejì wé gèlè, ó ju èjìká: "Ulé ni!" Ẹ̀rín náà sì tẹ̀ lé e. Fìyìnfólúwa fi ìka tì í sókè, ó kan àwọn nọ́ọ̀sì tó wọ aṣọ iṣẹ́. Ó tún tì í, ó kan àwọn awakọ̀ nínú gáréèjì. Ẹ̀rín Àrínọlá ni gbogbo wọn ń jó sí.

Kọ́láwọlé dá fóònù náà padà fún un.

"Mo ní kí ọmọ onísitúdíò yẹn pa á rẹ́ nígbà náà."

"Mọ́mì bẹ̀ ẹ́, ó sì fi ránṣẹ́ sí wọn. Inú fóònù wọn ni mo ti rí i. Ìyanu tó ń bá wọn tọ́jú ilé sọ fún mi pé Mọ́mì máa ń gbọ́ ọ tí ẹ bá ti lọ sídìí ààrò. Ọjọ́ Àìkú ni mo gbé e sórí ayélujára."

"O wá gbé ìyá rẹ fún àwọn ọmọ ìgboro kí wọ́n máa fi ṣe yẹ̀yẹ́."

"Tó bá jẹ́ yẹ̀yẹ́ ni, ẹ̀yin ni wọ́n ń fi ṣe, sà." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rín in. "Ẹnì kan kọ̀wé sísàlẹ̀ níbí. Àgbàdo-Èkìtì ni wọ́n bí i sí, ìlú òyìnbó ló ń gbé. Ó ní ó ti di ọdún mẹ́fà tí ẹnikẹ́ni ti pe ulé sí òun létí. Dádì, ohun tó bá wà lẹ́nu àwọn èèyàn ni wọ́n ń rà. Mọ́mì ló wà lẹ́nu wọn báyìí, ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀ pé àwa la ni wọ́n, nítorí ọkọ̀ wa ya odi."

"Yọ ọ́ kúrò níbẹ̀."

"Ó ti kọjá ohun tí mo lè yọ, sà."

"Mi ò ní kí o ṣàlàyé fún mi." Ó dìde, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé ọkọ̀. Àrínọlá ló máa ń tẹ̀ lé e tẹ́lẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tó dá Kọ́láwọlé mọ̀ ní Emùré. Níwájú ṣọ́ọ̀bù kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, tí àwọn aránṣọ jókòó sí òdìkejì rẹ̀, Ajíbádé dúró. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, Adéjọkẹ́, jáde wá.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin oníbúrẹ́dì. Ṣé búrẹ́dì ulé nìyí? Òun ni wọ́n ń dà mí láàmú lé lórí."

Kọ́láwọlé kò mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ilé ni."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́ lódìkejì. Adéjọkẹ́ tẹjú mọ́ ọn.

"Bàbá, ẹ tún un sọ."

"Kí ni mo sọ?"

"Yéè! Ohùn ẹ̀ nìyẹn! Òun gan-an nìyí! Bàbá Ilé-ni!"

"Ulé ni!" làwọn aránṣọ pariwo pọ̀, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín wọn pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó jọ ti Àrínọlá nínú rẹ̀.

"Màmá wa ńkọ́?" Adéjọkẹ́ ti ń yọjú wo inú ọkọ̀. "Ẹ sọ̀ wọ́n kalẹ̀ ká kí wọn."

Ajíbádé wo ilẹ̀.

"Ó ti sùn láti Ẹrẹ́nà," Kọ́láwọlé dáhùn.

Adéjọkẹ́ káwọ́ lórí. Ó kúnlẹ̀ sínú eruku níbẹ̀. "Háà! Ẹ dákun, sà. A ò mọ̀. Ojoojúmọ́ là ń gbọ́ wọn, a rò pé wọ́n ń bẹ."

"Dìde, ọmọ mi."

Ó mú bébà tó fi wé káàdì náà jáde nínú àpò àyà rẹ̀, ó tú u. Ajíbádé rí káàdì náà, ó yára na ọwọ́. Kọ́láwọlé wò ó díẹ̀, ó tún un wé, ó dá a padà sí àpò.

"Kì í ṣe eléyìí. Ṣé èkejì wà nínú fóònù rẹ?"

Ajíbádé kọ́kọ́ fẹ́ purọ́. "Èwo, sà?"

"Èyí tí mo ti ṣàṣìṣe."

Ajíbádé so fóònù mọ́ gbohùngbohùn. Kọ́láwọlé wọnú ọkọ̀, ó yí gíláàsì fèrèsé sílẹ̀, ó sì dúró de ẹ̀rín náà.