Alóko Tí Tasneem Bèèrè

Ọmọ méje ni Ìyá Ìgbòho bí, mọ́kànlá ló bá ẹlòmíràn tọ́, kò sì sí èyí tó dúró kó lanu kó tó mọ ohun tó ń fẹ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Nítorí náà, nígbà tí Tasneem, ọmọ Ṣàkírù ọmọ rẹ̀, pé ọdún márùn-ún láìsọ̀rọ̀, àyà ìyá àgbà kò já. Bí ọmọ náà bá wo kete omi, Ìyá Ìgbòho ti bu omi. Bí ó bá wo ilẹ̀kùn, ó ti pọ̀n ọ́n, wọ́n ti dé ojú títì Treichville, àdúgbò wọn ní Abidjan.

Ṣàkírù ni àyà rẹ̀ ń já. Bí nǹkan kò bá tètè tẹ ọmọ náà lọ́wọ́, a figbe ta, a sì máa forí gbá ògiri. Ó ní bí oṣù bá parí láìsí àyípadà, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ní Ìgbòho lòun yóò fi í ránṣẹ́ sí.

"Èmi wà láyé," ni Ìyá Ìgbòho wí, "o fẹ́ di ọmọ mi bí ẹrù?"

Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n pe Nafissa. Ará Ṣakí ni àwọn òbí rẹ̀, Abidjan ni wọ́n bí i sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣọ́ ìwà ọmọ: kí ló ṣẹlẹ̀ kó tó ké, kí ló rí gbà lẹ́yìn igbe, kó sì fi ọ̀nà mìíràn hàn án. Ó ya fótò alóko, ọ̀gẹ̀dẹ̀ dídín tí Tasneem fẹ́ràn jù, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí kékeré. Kí ọmọ fi páálí lé ènìyàn lọ́wọ́ ná, kí wọ́n tó fún un.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, Tasneem kò wo páálí. Lọ́jọ́ kan, Nafissa jókòó, ìyá àgbà ló ń ṣọ́, kì í ṣe ọmọ.

"Màmá, kí ló wà lábẹ́ ìró yín?"

Ìyá Ìgbòho fọwọ́ bò ó. "Bísíkíìtì lásán ni. Ó wò mí ni."

"*Voilà!* Òun nìyẹn! Ẹ mọ ojú ẹ̀ kà jù. Ta ló máa bèèrè nǹkan tó ti wà lẹ́nu ẹ̀?"

"Ọmọ mi kò ní ṣagbe nínú ilé mi."

"Lọ́jọ́ tí ẹ ò bá sí ńlé ńkọ́, Màmá? Ta ló máa ka ojú ẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un. Ó ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin.

Lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló din alóko. Ó gbé abọ́ sẹ́sẹ̀, ó sì jókòó lé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, kí ọwọ́ náà má baà dójú tì í. Tasneem wò ó. Ìyá àgbà wo òrùlé. Ọmọ figbe ta. Nafissa fi tìmùtìmù dí ara ògiri.

"Ìyá Ìgbòho!" ni aládùúgbò kan ké lójú fèrèsé. "Ẹ fọ́mọ lóúnjẹ, ìyá ahun!"

"Wá gbà á jẹ, olófòófó!" Omi ti lé ròrò lójú Ìyá Ìgbòho.

Nafissa, tó wà lẹ́yìn ọmọ, rọra mú ọwọ́ kékeré náà dé orí páálí, ó mú un dé àtẹ́lẹwọ́ ìyá àgbà. Wéré, alóko kan bọ́ sí i lẹ́nu. Ó tún mú un lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, Nafissa ká ọwọ́ tirẹ̀ kò.

Tasneem dúró. Ó wo abọ́. Ó mú páálí, ó fi lé ìyá rẹ̀ àgbà lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ tó ń bọ̀ títí abọ́ fi gbẹ. Ìgbà náà ni Ṣàkírù ti ọjà dé. Tasneem lọ bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó fi páálí lé e lọ́wọ́.

"Màmá, kí ló fẹ́?"

Ìyá Ìgbòho lanu, ó pa á dé. "Èmi lo ń bi léèrè? Ọmọ ẹ ti sọ fún ẹ."

Ṣàkírù wo fótò náà. Ó yí padà síta, bàtà ẹsẹ̀ kan ló rántí wọ̀.

"Ra púpọ̀ o! Alágbe ti wọ ilé wa!" ni ìyá rẹ̀ ké tẹ̀lé e. "Ìgbòho ńkọ́?"

"Màmá, ẹ jẹ́ n ra alóko ná!"